Páànù tó ń di ara wọn mú: bí mo ṣe ń ṣètò rẹ̀ fún ògiri àti àjà

Ìlà kẹjọ ni mo wà lórí ògiri kan tí mò ń fi páànù oníìkọ́ (páànù tí a ká etí wọn kí wọ́n lè di ara wọn mú) bò nígbà tí mo rí i pé ìwọ̀n mi ti yẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Muṣin, mo ti to mẹ́ta lára wọn sórí tábìlì. Wọ́n di ara wọn mú bí ọmọ ìyá, mo sì ń yangàn. Lórí ògiri, àmì tí mo fi pẹ́ńsù fà sílẹ̀ fún ìlà kọ̀ọ̀kan ń jìnnà sí etí páànù díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí mo fi máa kan òkè, àlàfo 15 mm ló ń wò mí. Oníbàárà dúró lẹ́yìn mi, kò sọ nǹkan kan. Dídákẹ́ rẹ̀ ló dùn mí jù.

Inú ìkọ́ ni 15 mm yẹn lọ. Mo ti ṣírò ojú páànù, mo ti ṣírò gígùn ìkọ́, ṣùgbọ́n mi ò ṣírò ohun tí páànù ń jẹ níbi tó ti ká. Lára páànù kan, kò tó 1.5 mm. Ní ìlà mọ́kànlá, ó tó ohun tí oníbàárà lè ti inú mọ́tò rẹ̀ rí. Láti ọjọ́ náà, ìkọ́ ni mo ń kọ́kọ́ yà sórí ìwé. Ojú tó máa hàn, ó di ìgbà tí mo bá mọ ìkọ́ tán.

Irú páànù tí mò ń sọ nìyí. Ẹ mú páànù onígun mẹ́rin tí òró rẹ̀ gùn ju ìbú lọ, ẹ dá a dùbúlẹ̀ kí òró rẹ̀ lọ láti òsì sí ọ̀tún. Ẹ ká etí òkè àti etí ọ̀tún síwájú, kí wọ́n kọjú sí ẹni tó ń wo ògiri. Ẹ ká etí ìsàlẹ̀ àti etí òsì sẹ́yìn, kí wọ́n kọjú sí ògiri. Páànù tó máa wà lókè, ìkọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ á wọ inú ìkọ́ òkè ti èyí tó wà nísàlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fà á sókè, ó dì í mú. Èyí tó bá tẹ̀ lé e lápá ọ̀tún, ìkọ́ òsì rẹ̀ á wọ inú ìkọ́ ọ̀tún ti àkọ́kọ́. Síkúrù kankan kò gba ojú páànù kọjá, kílíìpù kéékèèké tó fara pamọ́ sínú ìkọ́ ló so ó mọ́ ògiri. Láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, láti òsì lọ sí ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń tò ó. Òjò tó bá ń ṣàn lára ògiri ìta á máa ti orí ọ̀kan bọ́ sórí ìkejì, kò ní wọlé.

Ẹ fi páálí gé mẹ́rin kí ẹ tó fọwọ́ kan páànù. Ẹ ká wọn, ẹ kọ wọ́n bọ ara wọn. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi máa ń fi eléyìí ṣe ẹ̀rín, títí ọ̀kan nínú wọn fi ká ogójì páànù pẹ̀lú ìkọ́ ọ̀tún àti òsì tí wọ́n jọ kọjú síwájú. Ogójì! Kò sí èyí tó lè bá èkejì ṣe nínú wọn.

Nípa páànù fúnra rẹ̀, alumíníọ̀mù 0.7 mm tí wọ́n ti kùn láti ilé iṣẹ́ ni mo fẹ́ràn jù. Owódé Onírin ni mo ti ń rà á, mo sì máa ń mú kálípà, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn ìnípọn, lọ, nítorí ohun tí wọ́n kọ sára ìdì àti ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í sábà jẹ́ ọmọ bàbá kan náà. Èyí tí wọ́n fi ń kanlé, 0.45 mm, fẹ́lẹ́ jù fún ojú tó tẹ́jú. Bí iná bá tàn sí i láti ẹ̀gbẹ́, ẹ ó rí i bó ṣe ń ru bí omi inú bàsíà. 0.55 mm ṣeé lò tí ojú páànù bá kéré. Irin lásán tí wọ́n fi síǹkì bò náà dára, àmọ́ ó wúwo: 0.7 mm rẹ̀ tó 5.5 kg ní mítà onígun mẹ́rin kan, ti alumíníọ̀mù kò ju 1.9 kg lọ. Lára ògiri, ẹ lè fara dà á. Lókè orí èèyàn, ẹ rò ó dáadáa.

Ó tún kù o. Alumíníọ̀mù tó le gan-an kì í fẹ́ ká. Ẹ gé pẹ́lẹ́bẹ́ kan lára èyí tí ẹ fẹ́ rà, ẹ ká a, kí ẹ fi kámẹ́rà fóònù yín wo ẹ̀yìn ibi tó ti ká. Bí ọ̀dà bá ti sán, tàbí tí ẹ rí ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lára páànù, ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀. Òǹtajà kì í bínú, ẹ̀yin lẹ máa bínú tó bá di ọ̀la.

Ìkọ́

14 mm ni mo ń fún ìkọ́ kọ̀ọ̀kan. Tó bá kéré ju 10 lọ, yóò máa já nígbà tí ògiri bá wọ́ díẹ̀. Tó bá ju 20 lọ, owó lẹ̀ ń ká sínú.

Ìkọ́ kò gbọdọ̀ di pátápátá. Nínú ìkọ́ òkè páànù kan, ohun méjì ló máa wọlé: ìkọ́ kílíìpù, àti ìkọ́ ìsàlẹ̀ páànù tó ń bọ̀ lórí rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0.7 mm, àpapọ̀ 1.4. Nítorí náà mo ń fi 2.1 mm sílẹ̀ nínú ìkọ́, ìyẹn ìnípọn páànù mẹ́ta. Ẹ má wulẹ̀ fi ojú díwọ̀n rẹ̀: ẹ gé pẹ́lẹ́bẹ́ mẹ́ta lára páànù kan náà, ẹ tò wọ́n léra, ẹ kì wọ́n sínú ìkọ́ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ pa. Nígbà tí ẹ bá fà wọ́n yọ, àyè tó yẹ ló kù.

Àyè kejì wà ní ìsàlẹ̀ ìkọ́. Tí ìkọ́ méjì bá ti wọ ara wọn, mi ò ní jẹ́ kí ẹnu ọ̀kan kan ìdí èkejì. 2 mm gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn. Ìyẹn ni pé 14 mm àti 2 mm, páànù òkè bo ti ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀ ní 16 mm. Ooru ló ń jẹ́ ká nílò 2 mm yìí. Alumíníọ̀mù máa ń fẹ̀ ní nǹkan bí 0.023 mm fún mítà kan bí ooru bá fi 1°C lọ sókè. Ògiri ìta tí oòrùn ń pa lè fi 40°C gbóná ju bó ṣe wà ní ìdájí lọ. Páànù kan ṣoṣo tó gùn ní 3.6 m á fẹ̀ ní 3.3 mm, bí wọ́n bá kàn án mọ́ ògiri ní orígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ikùn rẹ̀ á yọ síta. Páànù kékeré tí kò tó 60 cm, ìdajì mìlímítà ló máa fẹ̀, ìkọ́ á sì gbé e mì láìsí ariwo.

Ẹ wá jẹ́ ká wọn ohun tí kíká ń jẹ, èyí tó dójú tì mí. Ẹ gé pẹ́lẹ́bẹ́ kan tó jẹ́ 100 mm géérégé. Ẹ ká ìkọ́ 14 mm sí ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú àyè 2.1 mm, kí ẹ sì fi kálípà wọn èyí tó ṣẹ́kù láti ẹnu kan dé ibi tó ti ká. Orí lásán á sọ pé 86 ló yẹ kó jẹ́. Lórí ẹ̀rọ tí èmi fi ń ká páànù, 85.3 ni. 0.7 mm ti bá kíká lọ. Ẹ ṣe mẹ́ta, ẹ wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀rọ tiyín lè sọ 0.5, ó sì lè sọ 0.9, ohun tó bá sọ ni kí ẹ gbà, ẹ má gba tèmi.

Páànù kan ní ìkọ́ méjì lórí ìbú, ó sì ní méjì lórí òró. Nítorí náà, ìwọ̀n tí màá gé jẹ́ ojú tó máa hàn, ẹ fi 16 kún un fún ibi tó fara pamọ́, ẹ fi 28 kún un fún ìkọ́ méjèèjì, ẹ fi 1.4 kún un fún kíká méjèèjì. Àpapọ̀ àfikún jẹ́ 45.4 mm. Mo kọ nọ́ńbà yẹn sára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú ọ̀dà pupa. Ẹ má sọ ọ́ di 45. Ìdajì mìlímítà tí ẹ bá jù nù nísàlẹ̀ ń dúró dè yín lókè.

Ògiri àti ìdì páànù

Oníbàárà á ní òun fẹ́ kí ojú páànù jẹ́ 300 mm nítorí ó rí i báyẹn níbì kan. Ẹ fi 45.4 kún 300, ó di 345.4. Páànù tí wọ́n ń tà jẹ́ 1220 mm ní ìbú, mẹ́ta péré ló máa yọ níbẹ̀, 184 mm á di ohun tí aláàkìrì irin ń wá rà. Tó bá jẹ́ ẹgbẹ̀rún méjì mítà ni iṣẹ́ náà, owó ilé ìwé ọmọ wà nínú 184 mm yẹn.

Ògiri kan tí mo ṣe láìpẹ́ yìí fẹ̀ ní 3600 mm, ó ga ní 2800. Mo pín gíga sí ìlà mọ́kànlá: 254.5 mm ni ojú kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi 45.4 kún un, 299.9, ẹ pè é ní 300. Mẹ́rin yọ nínú 1220, ó ṣẹ́ku 20 mm, èyí tí mo fi ń gé etí tó bá wọ́ láti ilé iṣẹ́ kúrò. Ní ìbú ògiri, mi ò fẹ́ kí ojú ìsopọ̀ wà lórí ara wọn, nítorí níbi tí orígun mẹ́rin bá ti pàdé, páànù tó ti léra á pọ̀ jù, á sì wú bí eéwo. Bí a ṣe ń to búlọ́ọ̀kù ni mo ń tò ó, kí ìlà kan fi ìdajì sún kúrò lórí èkejì. Nítorí náà mo pín 3600 sí mẹ́fà àti ààbọ̀, ó fún mi ní 553.8. Mo gé páànù sí 599, ojú tó hàn jẹ́ 553.6. Mẹ́rin yọ nínú òró 2440, 44 mm sì ṣẹ́kù. Ẹ má sọ 44 mm yẹn nù, mò ń bọ̀ wá sórí rẹ̀.

Ìlà kọ̀ọ̀kan ní odindi mẹ́fà àti ààbọ̀ kan. Ààbọ̀ náà wà lápá òsì ní ìlà kan, ó wà lápá ọ̀tún ní èyí tó tẹ̀ lé e. Ààbọ̀ kò nílò ìkọ́ níbi tó ti kan igun ògiri, torí náà odindi kan ń bí ààbọ̀ méjì, àmọ́ kì í ṣe ní àárín gbùngbùn lẹ ti máa gé e. Ti òsì ń wọ abẹ́ aládùúgbò rẹ̀, ó ń fẹ́ 307.5 mm, ti ọ̀tún ń bo aládùúgbò rẹ̀, 291.5 tó o. Odindi 66, àti mẹ́fà tí a máa là fún ààbọ̀ 11, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 72. Mẹ́rìndínlógún ń yọ nínú páànù ńlá kan. Mo ra márùn-ún, mẹ́jọ ṣẹ́kù fún ohun tí ọmọ iṣẹ́ bá bàjẹ́ àti fún oníbàárà láti fi pamọ́.

Ọ̀dà tó ń dán bí fàdákà ní apá òsì àti apá ọ̀tún o. Wọ́n máa ń tẹ ọfà sára ọ̀rá tó bò ó. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ọfà kọjú sí ibì kan náà lórí ògiri, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, lábẹ́ iná, ẹ ó ní àwọ̀ méjì nínú ohun tí ẹ rà ní ìdì kan.

Gígé àti kíká

Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò gba irú gígé kan náà. Níbi tí ìkọ́ iwájú ti pàdé ìkọ́ ẹ̀yìn, ìyẹn igun òkè lápá òsì àti igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ẹ gé ihò onígun mẹ́rin 16 mm kúrò. Níbi tí méjèèjì ti kọjú síbì kan náà, ẹ gé e ní ìdàgẹ̀rẹ̀ kí wọ́n má baà gun ara wọn. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹyọ kan, ẹ fi ṣe àwòṣe, kí ẹ fi pẹ́ńsù máa fà á sára àwọn yòókù. Ẹ má fi ìṣó fa ìlà sójú ọ̀dà, ibẹ̀ ló máa ti bẹ̀rẹ̀ sí í bó.

Nínú kíká, ẹ kọ́kọ́ tẹ etí náà kọjá ìdajì ọ̀nà, ẹ ki pẹ́lẹ́bẹ́ mẹ́ta sínú rẹ̀, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀. Páànù á fẹ́ padà díẹ̀ tí ẹ bá tú u sílẹ̀, torí náà ẹ tẹ̀ ẹ́ ju bí ẹ ṣe fẹ́ ẹ lọ díẹ̀. Òró méjèèjì ni mo ń kọ́kọ́ ká. Ewu wà nígbà tó bá kan ìbú: ètè ẹ̀rọ tó ń di páànù mú á gun orí ìkọ́ òró tí ẹ ti ká tẹ́lẹ̀, á sì pa á pẹrẹsẹ. Bí ẹ̀rọ yín bá jẹ́ èyí tí ètè rẹ̀ pín sí ìka ìka, ẹ yọ ìka tó wà ní ìkángun méjèèjì. Bí ètè rẹ̀ bá jẹ́ odindi, ẹ fi pẹ́lẹ́bẹ́ mẹ́ta náà sílẹ̀ nínú ìkọ́ òró títí ẹ fi parí ìbú.

Ojú páànù tó bá ṣì ń ru bí omi lẹ́yìn èyí, ẹ fa ìlà láti igun dé igun, bí àmì ìṣírò ìlọ́po, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ níwọ̀n díẹ̀ pẹ̀lú ètè ẹ̀rọ. Àwọn tó ń ṣe ọ̀nà atẹ́gùn fún ẹ̀rọ amúlétutù ni mo kọ́ ọ lọ́wọ́ wọn. Ó máa hàn lójú páànù, torí náà ẹ fi han oníbàárà ṣáájú. Àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀, kí n má purọ́.

Kílíìpù àti ògiri

44 mm tó ṣẹ́kù lẹ́ẹ̀kan ni kílíìpù wa. Mo gé e sí ìbú 30 mm, mo ká 10 mm nísàlẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn bí ìkọ́, mo sì lu ihò síkúrù sókè. Ìkọ́ rẹ̀ ń wọ inú ìkọ́ òkè páànù bíi pé òun fúnra rẹ̀ ni páànù tó ń bọ̀. Méjì lókè páànù kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Síkúrù tí orí rẹ̀ pẹrẹsẹ ni kó jẹ́, irin tí kì í dípẹtà, nítorí síkúrù lásán á sun omi pupa sára ògiri kí ọdún tó yí po. Ohun tó jẹ́ bàbà kò gbọ́dọ̀ kan alumíníọ̀mù rárá, pàápàá níbi tí omi bá ń dé.

Ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ náà kò gbọ́dọ̀ kàn án. Omi sìmẹ́ńtì ń jẹ alumíníọ̀mù, á sì fi àpá funfun sílẹ̀ tí kò ní lọ. Ẹ jẹ́ kí ògiri gbẹ, kí ẹ kan igi tí wọ́n ti fi oògùn ikán sí mọ́ ọn, kí ẹ tẹ́ pláíwúùdù 12 mm lé e. Ẹ na okùn láti igun dé igun: ibi tí okùn bá ti jìnnà sí pláíwúùdù, ẹ fi èèkàn kún un lẹ́yìn. Páànù kò ní bo ògiri wíwọ́ yín láṣìírí, ńṣe ló máa polongo rẹ̀.

Ìlà kìíní ni kí ẹ fi àkókò ṣòfò lé lórí. Ẹ fi lẹ́fẹ́lì fa ìlà gígùn kan, kí ẹ kan pẹ́lẹ́bẹ́ tí ẹ ti ká ìkọ́ sí mọ́ ọn, kí páànù ìsàlẹ̀ ní ohun tó máa dì mú. Lẹ́yìn náà, ní ìlà mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ fi tépù wọn láti ìsàlẹ̀, ẹ má wọn láti orí páànù tó kẹ́yìn. Bí ó bá ti fẹ́ yẹ̀ ní 1 mm, àyè 2 mm inú ìkọ́ lè gbà á fún yín: ẹ fà á díẹ̀ tàbí ẹ dẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Tó bá ti di 8 mm, ẹ ò rí ìkọ́ kankan tó máa gbà á. Ìlà tó kẹ́yìn lókè kò nílò ìkọ́ òkè. Ẹ gé ìkọ́ náà kúrò, ẹ ti etí páànù bọ inú irin etí tó dà bí lẹ́tà U, kí ẹ fi 5 mm sílẹ̀ nínú rẹ̀.

Tó bá jẹ́ àjà ni

Ìkọ́ kan náà ni, ìṣirò kan náà ni, àmọ́ kílíìpù di mẹ́ta ní òró, nítorí kò sí ìsàlẹ̀ tó ń bá yín gbé e. Mo máa ń wọ yàrá náà láti ẹnu ọ̀nà, kí n dúró síbi tí àlejò máa dúró sí, kí n tó pinnu ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀. Etí tó bo ìkejì gbọ́dọ̀ kọ ẹ̀yìn sí ẹni tó ń wọlé, kí ojú rẹ̀ má wọ inú ìsopọ̀.

Ẹ béèrè ohun tó wà lókè àjà kí ẹ tó bò ó. Páànù yìí kò ṣeé yọ láàárín. Ẹ ní láti tú u láti etí wá. Bí wáyà tàbí páìpù omi bá wà lókè, ẹ ṣe ìlẹ̀kùn kékeré tó ní férémù tirẹ̀, kódà bí oníbàárà bá ní òun kò fẹ́ rí i. Fáànù àjà, ẹ so ó mọ́ irin tó wà nínú kọnkéré, kò gbọ́dọ̀ fara kan páànù. Nígbà tí fáànù bá ń mì, páànù tó bá kàn án á máa kùn bí oyin lóru. Mo ń lẹ fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ sẹ́yìn páànù tó wà yí i ká.

Ọ̀rá tó bo ojú páànù, ẹ má yọ ọ́ kí ẹ tó parí, ṣùgbọ́n ẹ ṣí etí rẹ̀ ní 30 mm yíká kí ẹ tó ká ìkọ́, kó má baà há sínú. Ọjọ́ tí ẹ bá kan páànù tó kẹ́yìn, ọjọ́ náà ni kí ẹ yọ gbogbo rẹ̀, pàápàá lára ògiri ìta. Oòrùn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ti tó láti sè é mọ́ ọ̀dà, mo sì ti lo odindi ọjọ́ Sátidé kan rí, èmi àti ọmọ iṣẹ́ méjì, tí a ń fi èékánná họ ọ̀rá.